Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ fún àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ wa níṣẹ́ ṣe

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú gbogbo Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó jọ dàgbà, tọkùnrin tobìnrin,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìmúra, ẹ kú àṣeyẹ Ojúde Ọba, àjọ̀dún wa lẹ́yìn Iléyá. Ọdọọdún ni aráyé ń wo àwa ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójò joyè, lórí fóònù wọn, tí wọ́n ń bèèrè pé irú ìlú wo rèé. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí aṣọ. Aṣọ ẹgbẹ́ dùn ún wò, èmi náà ń rà á. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹṣin ti wọlé tán ni mo fẹ́ bá yín sọ, nígbà tí a bá jókòó sípàdé, tí alága wá bèèrè pé, "Kí la fẹ́ ṣe fún ìlú lọ́dún yìí?"

Ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀. Ẹnìkan á ní ká gbẹ́ omi ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn á ní ká kọ́ kíláàsì. Ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo jù á ní gbọ̀ngàn ni ká kọ́. Wọ́n á wálẹ̀ sẹ́yìn ìlú níbi tó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ló ń débẹ̀, wọ́n á to búlọ́ọ̀kù, wọ́n á kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀, olóyè á wá ṣí i, fọ́tò á pọ̀, wọ́n á sì fi àgádágodo tì í títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ ṣègbéyàwó. Láàárín ìgboro ńkọ́, ní Ìwàdé, ní Pórógun, ní Ìjàsí? Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá-bàbá wa kọ́ ń wó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà, níbi tí èrò ń gbà lọ gbà bọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ kò gùn. Ẹgbẹ́ tó bá ní gbọ̀ngàn tuntun lọ́kàn, kó dá owó náà dúró ná. Kó wá pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan láàárín ìlú, kó bá ẹbí tó ni ín sọ̀rọ̀, kó tún un ṣe, kó sì fún un níṣẹ́ tí yóò máa ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ Sátidé. Bíríkìlà ni mí, bíríkìlà sì ni bàbá mi. Kì í ṣe pé àánú ilé ń ṣe mí. Mo mọ ohun tó ń náni láti gbé ògiri tuntun dúró lásìkò yìí, mo sì mọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́ tí à ń fi katakata wó dànù.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí àwọn ilé wọ̀nyí ṣe débẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọn lóṣù Karùn-ún 1892, ọ̀nà ṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí gbilẹ̀, òwò sì gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn bàbá wa tó ń ná Èkó rí ohun tí àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bùràsíìlì ń fi ọwọ́ wọn ṣe níbẹ̀: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ yí ojú ilẹ̀kùn ká, òpó roboto níwájú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tó la ilé já dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 wà lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọṣẹ́ wọn ló gbé iṣẹ́ náà kúrò l'Ékòó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Kò pẹ́ tí àwọn olówó Ìjẹ̀bú fi ń kọ́ tiwọn. Balógun Kúkù, ẹni tí ìtàn so ìbẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba mọ́, kọ́ ilé ńlá rẹ̀, ó pè é ní Ọlọ́runfúnmi, orúkọ ilé náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu ará ìlú títí dòní. Ẹ bá mi yí ojú sí Rẹ́mọ pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Owó obì gbànja ló wà nídìí púpọ̀ nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń rí ní Ṣàgámù. Obì ni wọ́n fi gbé igi àjà sókè.

Àwọn bàbá yẹn ò fi owó wọn pamọ́ sí bánkì tí a ò mọ̀. Wọ́n fi kọ́lé síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, ẹlòmíràn tún kọ orúkọ àti ọdún sí iwájú òkè kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn.

Nítòsí Òkè-Ajé, ilé kan wà tí wọ́n ní kí n wá yẹ̀ wò. N kò ní sọ ẹbí tó ni ín. Kìnnìún méjì wà lórí ògiri ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan ti pàdánù orí rẹ̀. Mo fi ìka kan ògiri náà káàkiri. Níbi tí rírẹ́ ti àtijọ́ ṣì wà, ó le, kò lóhùn. Níbi tí ẹnìkan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, ó ń dún ho, ìyẹn ni pé rírẹ́ yẹn ti ya kúrò lára ògiri, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn. Mo fi ṣísù yọ díẹ̀ níbẹ̀. Amọ̀ inú rẹ̀ tutù rìn-rìn, mo fi ìka wú u jáde. Ẹ̀ẹ̀rùn la sì wà o, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Lókè, igi àjà irókò rèé, mo fi òòlù lu àárín rẹ̀, ó ta ọwọ́ mi padà. Àmọ́ orí igi náà, níbi tó ti wọnú ògiri tútù yẹn, ikán ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Gbogbo àrùn ilé amọ̀ wà nínú ohun tí mo sọ yẹn. Ògiri amọ̀ kì í bínú sí ọjọ́ orí. Ohun méjì ló ń pa á: omi tó ń bọ̀ láti òrùlé, àti aṣọ tí kò jẹ́ kó mí. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun ló ń kó sìmẹ́ǹtì wá, ó wọ́n, nítorí náà wọn kì í fi í ṣòfò. Amọ̀ ni wọ́n ń mọ, òmíràn sì wà tí wọ́n fi láìmù rẹ́, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí tí wọ́n bá sun ìkarawun tàbí òkúta tó jọ èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi tó bá wọnú irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tí sìmẹ́ǹtì wá di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi rẹ́ ilé amọ̀ láti òkè délẹ̀, a ní à ń ṣe é lóore. Omi wọlé láti abẹ́ àti láti òkè, kò rọ́nà jáde, ògiri wú, ikán gbọ́ òórùn rẹ̀. Tí apá kan bá wá ya lulẹ̀, wọ́n á ní amọ̀ ni ò dáa.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òrùlé ni kó kọ́kọ́ náwó lé. Kó tó kun ọ̀dà, kó tó to táìlì, kó tó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà, ẹ ṣe gọ́tà tó ń gbé omi jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó rí ẹ̀ẹ̀rùn kan gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ tó gé orí igi tó jẹrà, kí ẹ fi igi gidi so ó, kí ẹ ha sìmẹ́ǹtì kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi amọ̀ àti láìmù rẹ́ ẹ padà. Ẹ ṣọ́ra fún síílìn ilé tí wọ́n tún ṣe láàárín 1960 sí 1980. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi òòlù fọ́ ọ o. Wọ́n ń rin ín lómi, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, ẹni tó ń ṣe é á sì bo imú àti ẹnu.

Mo mọ̀ pé kọngílá yín á rẹ́rìn-ín. Á ní "amọ̀ kẹ̀?" Ẹ sọ fún un pé Yinka Shonibare, ayàwòrán àti agbẹ́gilére tí gbogbo ayé mọ̀, kọ́ ilé oko ńlá kan sí ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde níbí fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, bíríkì tí wọ́n fi ilẹ̀ ibẹ̀ mọ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sùn nínú ilé amọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwa sì ń sá fún tiwa.

Ẹnìkan á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé ká sọ ọ́ di mùsíọ́mù ni?" Rárá o. Mùsíọ́mù kan tó dáa tó ìlú. Tí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di mùsíọ́mù, ta ló máa san owó iná, ta ló máa gbálẹ̀? Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àgádágodo náà ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fọkàn tán ìwé ìjọba nìkan. Ilojo Bar ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1855, tó wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n wó o lọ́jọ́ Àìkú kan, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Òfin wà, àjọ wà, àkọsílẹ̀ wà. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ó ti di òkìtì. Ilé tó ń ṣiṣẹ́ fún aládùúgbò ló ń rí ẹni gbà á sílẹ̀. Ibi tí ọmọ bá ti ń kàwé, tí ìyá arúgbó bá ti ń gba oògùn, kì í ṣàì rí ẹni tó máa figbe ta.

Ẹ wá wo òdìkejì. Ẹ̀wọ̀n Broad Street l'Ékòó, níbi tí wọ́n ju Herbert Macaulay sí, ló di Freedom Park ní 2010. Níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàgé wà báyìí. Orin ń lọ, ọmọ ń ṣeré, ẹni tébi ń pa ń jẹun. Gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, kò jẹ́ ahoro títí dòní, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣayẹyẹ Olúbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Centenary Hall ní Aké, l'Abẹ́òkúta, 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn Ẹ̀gbá ṣì ń lò ó. Ilé Susanne Wenger, ayàwòrán, ní Òṣogbo, pẹ́tẹ́ẹ̀sì alárà Àgùdà bíi tiwa gan-an, àwọn èèyàn ń lọ wo iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá náà ti kú ní 2009. Ǹjẹ́ ó yẹ kí Ìjẹ̀bú kẹ́yìn nínú irú èyí?

Iṣẹ́ wo ni ká fún ilé? Èyí tí àdúgbò ń wá kiri ni o, kì í ṣe èyí tó máa dùn nínú ìwé ìròyìn. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń múra JAMB, tí wọ́n ń wá kọ̀ǹpútà àti iná tí kò ní kú kiri. Yàrá òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ga, fèrèsé rẹ̀ dojú kọra, atẹ́gùn ń fẹ́ já. Ẹ to tábìlì síbẹ̀, ẹ gbé sólà sórí òrùlé lápá ẹ̀yìn kó má baà ba iwájú ilé jẹ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kó ìwé sí tí ẹ bá fẹ́ ṣe láíbìrì, nítorí ìwé wúwo ju èèyàn lọ, kì í sì í dìde kúrò lójú kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n to pákó ìwé sórí àjà igi, àjà náà sì tẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà kó wò ó ná.

Èyí tó wù mí jù ni aṣọ olónà. Àwọn ìyá wa ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n mọ̀ mọ́ aṣọ yẹn, èyí tí àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú, ń fi sí èjìká, mélòó ló sì kù tó mọ̀ ọ́n hun? Ẹ wo ẹwà aṣọ tí à ń dá lọ́dọọdún fún Ojúde Ọba, kí ẹ bi ara yín pé mélòó nínú rẹ̀ la hun fúnra wa. Tí ẹgbẹ́ obìnrin kan bá gba ìsàlẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan, tí wọ́n gbé òfì síbẹ̀, tí wọ́n san owó fún ìyá tó mọ̀ ọ́n kó máa kọ́ ọmọ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ tó kàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́wọ́ wọn. Owó aṣọ ẹgbẹ́ á máa yí láàárín ìlú. N kò tíì rí gbọ̀ngàn tuntun kan tó lè ṣe ìyẹn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ á ti le. Ilé ẹbí ni, a sì mọ bí ilé ẹbí ṣe rí. Bàbá kọ́ ọ, ó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ó kú, wọ́n pín in ní ìdí-igi. Ọmọ ìdí kan wà ní Kánádà, ti ìdí kejì ń gbé nínú rẹ̀, ti ìkẹta fẹ́ tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtura, ìdí kẹrin kì í sì í dáhùn fóònù. Gbogbo wọn ló ni ín, kò sẹ́ni tó máa pààrọ̀ páànù kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ má lọ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá ta ilé ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí nínú rẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìfi tàwọn àgbà ìdí-igi ṣe, wọ́n lè pẹjọ́, kí ilé ẹjọ́ sì yí i padà. Ẹ gba ilé náà lò ni, ní ìwé, fún ọdún 20 tàbí 30, kí gbogbo ìdí-igi fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà. Kí orúkọ bàbá tó kọ́ ọ dúró níwájú ilé. Tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ kọ tirẹ̀, kó kọ ọ́ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó lè dun ẹlòmíràn láàárín wa, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

Sàréè ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, pálọ̀ ni wọ́n sin bàbá sí. Ẹ má gbé e kúrò, ẹ má sì fi pákó bò ó bí ẹni tí ojú ń tì. Ẹ ṣe yàrá yẹn lọ́ṣọ̀ọ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí wọ́n máa wá ṣe ìrántí wọn lọ́jọ́ wọn. Ẹbí tó bá mọ̀ pé bàbá òun ò kúrò nílé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti fọwọ́ síwèé.

Ohun tó le ju sàréè lọ ni àwọn alààyè. Kì í ṣe ahoro ni gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kan lè wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, ọmọ ìdí tí kò rówó jáde, tàbí ayálégbé tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀yin tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Tí a bá lé wọn síta ká lè ṣe ilé àṣà, ìwà wo la hù yẹn? Ẹ fi owó yàrá méjì mẹ́ta kún ìnáwó yín lẹ́yìnkùlé, ẹ kọ́ ọ ná, kí wọ́n kó síbẹ̀ kí bíríkìlà tó wọlé. Ìyá àgbà yẹn náà ló sì máa mọ ẹni tó wọlé tí kò yẹ kó wọlé. Ẹ̀ṣọ́ tí ẹ bá gbà kò ní mọ ìyẹn.

Awùjalẹ̀ wa, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù Keje 2025, ló jí ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde padà, kí àwọn ọmọ ìlú tó jọ dàgbà lè jọ gbé ìlú dúró. Ẹgbẹ́ kan kì í ṣe owó kékeré. Ẹ máa ń dá a, ẹ sì máa ń dá a pé. Ẹ kàn bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sí àjẹ́ńdà kí ẹ tó yan àwọ̀ aṣọ Iléyá tó ń bọ̀, nítorí tí a bá ti yan àwọ̀ tán, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni á tún gbọ́.

Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ fẹnu kò pẹ̀lú ẹbí kan, mo ṣetán láti wá yẹ òrùlé, igi àjà àti ògiri ilé náà wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì kọ gbogbo ohun tó ń ṣe é sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó pe kọngílá kankan. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. Ẹ kàn bá mi wá àkàsọ̀ tó ga dé òrùlé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tèmi ò ga tó.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde